Bí Mo Ṣe Pa Àbàjà Ìyá Àgbà Rẹ́: Àlàyé Lórí Blending Mode

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé èmi ni mo máa ń ṣe póstà fún ẹgbẹ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, àṣìṣe ara mi ló kọ́ mi.

Nígbà tí ìyá àgbà mi kú, wọ́n ní kí n ṣe póstà tí a máa lẹ̀ mọ́ ògiri ní àdúgbò wa, Ire-Àkárí. Fọ́tò dúdú-àti-funfun kan ṣoṣo ló wà nílé, ìgbà tí màmá wà lọ́mọge ni wọ́n yà á, ó sì ti ṣókùnkùn. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, mo tò wọ́n lé orí ti àkọ́kọ́, mo sì yan Screen fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíá, ojú màmá mọ́lẹ̀! Inú mi dùn, a tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìgbà tí àbúrò màmá dé láti Ìsẹ́yìn, wọ́n dúró níwájú póstà náà, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta nìyí? Òyìnbó wo lẹ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí nísàlẹ̀ ẹ̀? Àbàjà wọn dà?"

Mo wò ó dáadáa. Lóòótọ́, àbàjà ti lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Àmọ́ mi ò mọ ohun tó gbé e lọ. Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù ló jókòó tì mí lọ́jọ́ kejì. Wọn ò fún mi ní kọ̀ǹpútà o, bírò àti bébà ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní, "Ìṣirò ni, kì í ṣe idán."

NỌ́ŃBÀ NI ÀWỌ̀

Àwọn àmì tíntìntín tó ń jẹ́ píksẹ̀lì ló para pọ̀ di fọ́tò nínú kọ̀ǹpútà. Nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun, píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan, láti 0 dé 255. 0 ni dúdú kirikiri, 255 ni funfun báláú. Tó bá jẹ́ fọ́tò aláwọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta ni: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń ṣírò wọn.

Ẹ wá ronú pé ẹ to àwòrán méjì léra. Ìpele là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, èyí tó wà lókè máa bo ti ìsàlẹ̀. Blending mode ni àṣẹ tó ń sọ fún ti òkè pé: "Má bò ó. Mú nọ́ńbà tìẹ, mú ti ẹni tó wà lábẹ́ ẹ, ṣírò wọn pọ̀, kí o fi ìdáhùn hàn." Photoshop, tí Thomas Knoll àti John Knoll, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ṣe, jáde ní 1990. Ọdún 1994 ni ìpele tó wọ inú rẹ̀.

MULTIPLY

Ìlọ́po ni. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì lọ́ po ara wọn, kí ẹ pín in sí 255. Tí òkè bá jẹ́ 255, tí ìsàlẹ̀ jẹ́ 100, ìdáhùn máa jẹ́ 100. Ṣé ẹ rí i? Funfun ti pòórá! Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lo Multiply fún báàjì ilé-ìwé wa tí a yà láti orí bébà funfun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpótí funfun máa tẹ̀lé báàjì náà wọ inú póstà.

Multiply ò lè mú nǹkan mọ́lẹ̀ láéláé. Ó dà bí iṣẹ́ àwọn aláró ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Wọ́n á ri aṣọ sínú aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Gbogbo ìgbà tó bá tún wọ inú ìkòkò, ṣe ló ń dúdú sí i.

SCREEN

Òdìkejì rẹ̀ nìyí. Ẹ yọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 255, kí ẹ mọ òkùnkùn tó kù lára rẹ̀. Ẹ fi òkùnkùn méjèèjì lọ́ po ara wọn, ẹ pín in sí 255, kí ẹ wá yọ ìdáhùn náà kúrò nínú 255. Níbí, dúdú ló ń pòórá, kò sì sí ohun tó lè ṣókùnkùn sí i. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí ẹni méjì tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú kan náà lára ògiri, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju ti ẹnì kan lọ.

OVERLAY

Overlay máa ń kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. Ibi tó bá ṣókùnkùn, á ṣe é bíi Multiply. Ibi tó bá mọ́lẹ̀, á ṣe é bíi Screen. Dúdú á dúdú sí i, funfun á funfun sí i.

KÍ LÓ WÁ GBÉ ÀBÀJÀ LỌ?

A ka nọ́ńbà fọ́tò màmá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ 150, ojú ilà jẹ́ 110. Ìyàtọ̀ wọn, 40. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ojú wa ń rí tí a fi ń pè é ní àbàjà. Ẹ wo ohun tí Screen ṣe:

Ẹ̀dà kan: ẹ̀rẹ̀kẹ́ 212, ilà 173. Ìyàtọ̀, 39.
Ẹ̀dà méjì: 237 àti 208. Ìyàtọ̀, 29.
Ẹ̀dà mẹ́ta: 248 àti 228. Ìyàtọ̀, 20.

Gbogbo wọn ń sá lọ sí 255, 255 ò sì lè sún. Wọ́n wá há mọ́ra bí èrò inú dánfó Ọ̀ṣòdì láàárọ̀ Mọ́ńdè. Tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá wá tẹ 248 àti 228 sórí bébà, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ìyàtọ̀. Tí mo bá dúró lórí ẹ̀dà kan ni, ojú màmá ì bá mọ́lẹ̀, àbàjà wọn ì bá sì wà níbẹ̀.

Mo wá rántí àwọn fọ́tò irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Dúdú-àti-funfun ni wọ́n, dúdú sì ni irun, síbẹ̀ ẹ lè ka ìlà dídì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti èyí tó dúdú jù ú lọ ló fà á.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń mú ojú ara wa mọ́lẹ̀ kí a tó gbé fọ́tò sórí WhatsApp. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òkùnkùn nìkan ló ń lọ. Ilà, àpá, kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dá yín mọ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ má pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ fi Opacity dín agbára ẹ̀dà òkè kù. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi han ẹni tó mọ ojú náà.

A tún póstà náà ṣe, ẹ̀dà kan péré. Èmi fúnra mi ni mo lọ ya ti àkọ́kọ́ kúrò lára ògiri. Nígbà tí màmá Ìsẹ́yìn rí èyí tuntun, wọ́n fi ìka tọ ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi rèé."

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, Multiply, Screen àti Overlay wà nínú Picsart orí fóònù àti Photopea orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá bá mi ní Ọjọ́rú nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ẹ mú bírò àti bébà dání.