Kọ̀ǹpútà Géèmù Ní Àbújá: Ọ̀dọ̀ Iná Ni Kí Olùrà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní Banex Plaza àti Emab Plaza, ní Wuse nílùú Àbújá, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wá ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kiri, kí wọ́n lè tò wọ́n di ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ká géèmù. Ọpọlọ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà ni káàdì tí ń gbé àwòrán jáde, èyí tí owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti ẹ̀yà yòókù lọ. Ìgbà tí owó bá fẹ́ tán lọ́wọ́ ni wọ́n ń rántí páwà-páàkì, àpótí irin kékeré tí ń gba iná lára ògiri, tí í sì í sọ ọ́ di fóòtì 12, 5 àti 3.3 fún àwọn ẹ̀yà tó kù. Wọ́n á ní kí ọlọ́jà mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù wá.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àpótí yìí ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà. Bí iná burúkú bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ kò ó lójú. Bí ó bá sì jẹ́ ayédèrú, kì í sábà dá kú; ó lè pa káàdì tí òṣìṣẹ́ fi owó oṣù mélòó kan rà mọ́ ara rẹ̀.

Ta ni kò mọ̀ bí iná ti rí ní orílẹ̀-èdè yìí? Wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n “Ùùp NEPA!” náà ni àwọn ọmọdé ṣì ń ké. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, gbogbo iná orílẹ̀-èdè dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní ọjọ́ 14, 15 àti 19. Kí oṣù náà tó parí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní òkè Ọya tún wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Bí iná bá sì ń padà bọ̀, ó lè wọlé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, tàbí kí ó rẹ̀ bí àtùpà tí epo ti fẹ́ tán nínú rẹ̀.

Fóòtì 230 ni iná ilé Nàìjíríà. Àpótí tó dára a máa ní 100 sí 240 lára, ìyẹn ni pé kò ní tètè dá iṣẹ́ dúró bí iná bá rẹ̀. Kí ẹni tí ń ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Bọ́tìnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn àwọn kan, tí a kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà lórí 115 tí a sì kì í bọ iná ilé, ariwo kan ṣoṣo ni a óò gbọ́, èéfín á sì tẹ̀lé e.

Iye wáàtì tí a kọ gàdàgbà sára páálí kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ara àpótí ni kí a kà. Kí a wá ìlà fóòtì 12, kí a wo iye ámpù tó wà níbẹ̀, kí a sì fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ámpù 25 bá wà níbẹ̀, wáàtì 300 péré ni fún ọpọlọ ẹ̀rọ àti káàdì àwòrán, bí páálí tilẹ̀ ń pariwo 600. Káàdì RTX 4060 ń jẹ wáàtì 115, ọpọlọ Ryzen 5 5600 sì jẹ́ ti wáàtì 65. Àpótí wáàtì 550 tó jẹ́ ojúlówó tó fún wọn, àyè sì ṣẹ́kù. RTX 4090 tó ń jẹ 450 ni wọ́n ní kí ẹni tí ó rà á wá 850. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ń ra irú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìfátà wá kù. Bí iná bá lọ, àlàfo kékeré a máa wà kí ìfátà tó gbà á. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe àwọn àpótí wọ̀nyí béèrè pé kí wọ́n lè di iná mú fún nǹkan bí ìdá 16 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojúlówó lè dúró bẹ́ẹ̀. Ayédèrú a pa, géèmù a sì bàjẹ́ níbi tí ó ti dùn jù. Ìfátà olówó pọ́ọ́kú, tí iná rẹ̀ ń fò bí àtẹ̀gùn dípò kí ó máa lọ jẹ́ẹ́ bí ìgbì omi, a máa mú kí àpótí ìgbàlódé kùn tàbí kí ó kú lójijì. “Pure sine wave” ni kí a rí lára páálí ìfátà.

Àmì “80 Plus” ń sọ pé àpótí kì í fi iná ṣòfò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, lọ sí náírà 225 fún ẹyọ kan. Bí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà bá ń jẹ wáàtì 300 fún wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ láàárín àpótí tó ń lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó gbà àti èyí tó ń lo ìdá 90 kò ju nǹkan bí náírà 1,100 lóṣù ní iye yẹn. Owó náà kò tó ohun tí ènìyàn ń sá kiri fún. Àǹfààní tó ju ìyẹn lọ ni pé àpótí náà kì í gbóná púpọ̀, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta ní Àbújá.

Olùtà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ̀ bí a bá ní kí ó so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà kan nínú ìsọ̀, kí ó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lójú olùrà, kí owó tó kúrò lápò.