Òrùka Ẹsẹ̀ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀

Kò sí ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ lékeléke. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, a ó rí wọn lẹ́yìn màlúù káàkiri pápá. Bí òjò bá tún dé, a ó wá ọ̀pọ̀ wọn tì. Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá pé, ǹjẹ́ èyí tí ó bà lé pápá yìí lónìí ni ó bà síbẹ̀ ní èṣí, kí ni a ó fi dá a lóhùn? Lékeléke kò kọlà. Gbogbo wọn ni ó funfun bákan náà.

Irú ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ àwọn ará Yúróòpù nípa alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tiwọn, tí í máa pòórá kí òtútù tó dé. Aristotle sọ pé àwọn mìíràn a máa fara pamọ́ sínú ihò. Ní ọdún 1555, Olaus Magnus, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ará Swídìn, kọ ọ́ pé àwọn apẹja a máa fi àwọ̀n wọ́ wọn jáde láti ìsàlẹ̀ omi! Ní ọdún 1822 ni a yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ kan nítòsí Klütz ní Jámánì, tí a bá ọ̀kọ̀ tí a fi igi Áfíríkà ṣe lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbé ọgbẹ́ náà fò dé ilé. Ẹyẹ yìí ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní.

Ṣùgbọ́n a kò lè máa dúró de ẹni tí yóò sọ ọ̀kọ̀ lu ẹyẹ kí a tó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Viborg ní Dẹ́nmáàkì, Mortensen, ni ó rí ọ̀nà. Síǹkì ni ó kọ́kọ́ fi ṣe òrùka ní ọdún 1890. Ó wúwo jù. Ní ọdún 1899, ó fi òrùka alumíníọ́mù sí ẹsẹ̀ ẹyẹ 165, ó sì kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Títí di òní, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni iṣẹ́ náà máa ń gbóná jù ní Yúróòpù. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ a máa rọ́ wọ inú koríko gíga etí omi láti sùn. Àwọn olùfòrùkasí a ta àwọ̀n dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú ọ̀nà wọn. Wọn a rọra tú ẹyẹ náà, wọn a fi ẹ̀mú pa òrùka dé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọn a wọn ìyẹ́ rẹ̀, wọn a sì fẹ́ atẹ́gùn sí àyà rẹ̀ kí ìyẹ́ ibẹ̀ lè là, kí wọ́n rí ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ awọ. Ọ̀rá yìí ni oúnjẹ ìrìnàjò, nítorí pé kòkòrò ṣọ̀wọ́n ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹyẹ náà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún náà, tí kò rí Áfíríkà rí.

Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1911, John Masefield (kì í ṣe akéwì nì) fi òrùka sí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní Cheadle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1912, a mú ẹyẹ náà nínú ilé oko kan ní Natal, ní ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà. Ẹni tí ó rí i kọ ìwé sí àdírẹ́sì tí ó wà lára òrùka. Ká ní ó ti sọ òrùka náà nù ni, iṣẹ́ Masefield ì bá já sí asán.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá pẹ̀lú. Ní Ebbaken, ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ti máa ń sùn sínú eèsún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àlejò láti Yúróòpù ni wọ́n. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi oje igi mú wọn jẹ nígbà kan rí. Wọn kì í ṣe alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tiwa tí ń fi amọ̀ kọ́ ilé sábẹ́ òrùlé. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe méjèèjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹyẹ kéékèèké tí ó ní òrùka, àwọn tí a ń gbúròó wọn láti òkèèrè kò tó ẹyọ kan.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì, kí olùkọ́ da gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà ara òrùka kọ, kí ó kọ ọjọ́ àti orúkọ ìlú sí i, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ó bá níbẹ̀. Bí ẹyẹ náà bá wà láàyè, kí ó má ṣe bọ́ òrùka náà. Kí ó jẹ́ kí ó fò lọ.