Ẹrù Ti Dé, Ta Ló Ni Ín?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kó ẹrù wá sí Barking Riverside, nítorí àdúgbò tuntun ni. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí bí mọ́tò bá já ẹrù sílẹ̀, tí orúkọ tí a kọ sára páálí sì ti bó. Ẹrù pé, ṣùgbọ́n ta ló ni èwo? Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí bí ilé iṣẹ́ bá kó àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sínú tuntun.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ tẹ́tí. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sáfà. Kì í fi orúkọ mọ olóhun bíi tiwa. Nọ́ńbà kan ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ká ní wọ́n kó ẹrù Bọ́lá dé sáfà tuntun, tí wọ́n wá fún Bọ́lá ní nọ́ńbà mìíràn níbẹ̀. Orúkọ bára mu, nọ́ńbà ò bára mu. Bí Bọ́lá bá kan ilẹ̀kùn, sáfà á ní, "N ò mọ̀ ẹ́ rí." Àwọn tó ń lo SQL Server ti Microsoft máa ń pe irú Bọ́lá bẹ́ẹ̀ ní ọmọ òrukàn. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: wọn ò ní tún ẹrù kó, wọ́n á kàn so orúkọ rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà tuntun ni. Ohun tó le ni kí ẹnì kan tètè rí i pé okùn ti já.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, báńkì TSB kó àkáǹtì àwọn oníbàárà rẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 5 sínú ètò tuntun. Ẹrù dé láyọ̀, ṣùgbọ́n ètò tuntun náà ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí owó wọn lò. Àwọn kan sọ pé àkáǹtì ẹlòmíràn ni àwọn rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, owó ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù ni wọ́n bù lé báńkì náà.

Èyí tó kàn wá jù ni ti eVisa. Ọ̀pọ̀ káàdì BRP ló parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, inú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rí ìgbélùú wà báyìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìwé ìròyìn The Guardian kọ ọ́ pé èèyàn tó lé ní 76,000 ni orúkọ, fọ́tò tàbí ipò ìgbélùú wọn kò tọ̀nà nínú àkọsílẹ̀ Home Office. Ẹ wá wo àwa Yorùbá tí ìbejì pọ̀ láàárín wa: Táíwò àti Kẹ́hìndé, orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, ilé kan. Nọ́ńbà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí èyí bá ṣì, ọ̀gá ibi iṣẹ́ tàbí onílé lè sọ pé òun ò rí ẹ̀rí ẹni.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ wọ àkáǹtì UKVI yín, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ, fọ́tò, ọjọ́ ìbí àti ipò ìgbélùú wò. Bí ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ tó rìnrìn àjò. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fi tó wọn létí lórí GOV.UK, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ. Ẹ má sọ káàdì BRP àtijọ́ nù. Ẹ má sì fún àjèjì ní password yín o, bó ti wù kó ní òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ tó. Ẹni tó bá ti ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí ò kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà ju òbí yín lọ, iṣẹ́ yín rèé: ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jókòó ti Màámi àti Bàámi, kí ẹ jọ yẹ ẹ́ wò. Ire o.