Láti Ìdí Wáyà Dé Abẹ́ Agboòrùn: Bí Ẹ̀rọ POS Ṣe Dé Òkè-Àdó

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, mo sì dúró lábẹ́ agboòrùn ọmọbìnrin kan tí ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún àwọn aráàlú ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn Mesiọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, lẹ́yìn bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà abetí-ajá, tó sì fi ọ̀pá tilẹ̀. Ọmọ náà ki káàdì bàbá bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó tẹ iye owó, ó na ẹ̀rọ sí bàbá, ó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí bàbá lè tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ láìsí ẹni tí ń wò ó. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ṣì dákẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá, nẹ́tíwọ̀kì ni kò jẹ́," ni ọmọ náà wí.

"Ọmọ mi, n kò bínú," ni bàbá dáhùn. "Èyí tí o mú dání yìí kò mọ iye tí mo ní, kò sì mọ̀ mí rí. Ìbéèrè ló rán lọ. Ẹni tí yóò dáhùn ni gbogbo wa ń dúró dè. Èmi ti bá àwọn bàbá ńlá ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

Ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Mo tẹ̀lé bàbá lọ sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí òpópónà Ìmàlefàlàfíà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949 fìdí kalẹ̀ sí, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà fún mi.

Ohun tí ó kọ́kọ́ là mí lóye ni pé POS kì í ṣe àpò owó, kì í sì í ṣe báńkì kékeré bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Tẹ́mínà ni àwọn onímọ̀ ń pè é, èyí ni ẹ̀rọ tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀. Ìlàrí ni, ìránṣẹ́ ọba, tí kì í dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀: ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e wọlé, ó sì gbé ìdáhùn tí wọ́n fún un padà síta láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀. Bí a bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí tán, ẹ̀rọ náà a yí i padà sí àrokò tí ẹlòmíràn kò lè kà, a gba orí síímù káàdì inú rẹ̀ rán an sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alárinà láàárín àwọn báńkì, èyí náà a sì gbé e dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà báńkì tó ni káàdì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó bóyá owó wà. "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ló ń padà wá, òun náà ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ sórí ríṣíìtì.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù láti 1886, ẹ̀rọ tẹlipíríńtà tí ń tẹ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ sì tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n ń so mọ́ ènìyàn. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, George Stibitz, onímọ̀ ìṣirò ní ilé ìwádìí Bell, ni ìtàn fi adé ẹ̀rọ tó so ènìyàn mọ́ kọ̀ǹpútà dé lórí. Ní 1937, lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, Stibitz fi àwọn nǹkan èlò tẹlifóònù àtijọ́, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àti páànù tó gé lára agolo tábà ṣe ẹ̀rọ kékeré tó lè ro nọ́ńbà pọ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, wọ́n sì jẹ́ kí ó ṣe èyí tó tóbi ní New York. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò péjọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth, ní ìlú Hanover, Stibitz kò gbé ẹ̀rọ ńlá náà lọ. Tẹlipíríńtà kan ṣoṣo ló gbé síwájú wọn, tí wáyà tẹlifóònù so mọ́ New York. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá tẹ ìṣirò tirẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sì ń jáde sórí bébà láti ọ̀nà jíjìn. Norbert Wiener, onímọ̀ ìṣirò, wà níbẹ̀, John Mauchly náà wà níbẹ̀, ẹni tí òun àti Presper Eckert padà ṣe kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n pè ní ENIAC. Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé ẹ̀rọ ti Stibitz kò tó ohun tí a ń pè ní kọ̀ǹpútà, nítorí irú iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lè ṣe; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gba ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí bàbá fi sọ pé Ìbàdàn ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní Nàìjíríà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó tì wá, ọmọ Ìjẹ̀bú tí àwọn òbí rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Òkè-Àdó láti ìgbà òyìnbó, tó sì ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ìtàn ṣeré. Nítorí ìkànìyàn ni wọ́n ṣe gbé e wá. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín."

Ìkànìyàn 1962 tí wọ́n fagi lé, tí wọ́n sì tún kà ní 1963, tí wọ́n fi kéde pé àwa ọmọ Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 55 lọ, ló ń wí. Bàbá ní àìmọye ẹ̀rọ lè ro iye ènìyàn kí wọ́n sì palẹ̀ wọn mọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí IBM, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, dá sílẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà, Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n dá a sí ní 1963 kan náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ. Bàbá ní ẹ̀rọ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, irin lásán ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi yẹ̀ lórí wa. Lójú tèmi, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá ló wọ̀ mí lára jù: ìlú tó kọ́ni ga ju ìlú tó kọ́kọ́ rà.

Nígbà náà, káàdì páálí ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ìlà òòró 80 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á lu ihò sí lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì. Bàbá fi ìka hàn mí bí wọ́n ti ń to ìdì káàdì sínú àpótí, tí wọ́n á gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì padà wá gba èsì. Bí àpótí bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tí káàdì fọ́n ká, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí tẹ́mínà fi dùn mọ́ni: Teletype 33 dé ní 1963, ó ń tẹ lẹ́tà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bébà sì ń jáde lójú ẹni. Ní 1964, Robert Weitbrecht, adití tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, ṣe ohun èlò tí a ń gbé etí tẹlifóònù lé kí tẹlipíríńtà lè gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Tìtorí àwọn adití bíi tirẹ̀ ló ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn oníkọ̀ǹpútà náà jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú dígí rọ́pò bébà, bíi VT100 ti ọdún 1978, tí ó ṣì ń kọ lẹ́tà 80 lórí ìlà kan, ogún ìbù káàdì páálí.

Ìyókù kò jìnnà sí wa. GSM dé Nàìjíríà ní 2001, Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò àìlo-owó-púpọ̀ l'Ékòó ní 2012, nígbà tí owó náírà sì di ọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, agboòrùn POS gba gbogbo oríta.

N kò kórìíra rẹ̀. Ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti di alágbàlò. Wọ́n ṣe POS débi pé bí ẹnikẹ́ni bá tú ìdè rẹ̀, yóò pa àwọn àṣírí inú rẹ̀ rẹ́, ó sì di òkú ẹ̀rọ. Ààbò owó wa ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìmọ̀ náà wà ní títì pa pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé nígbà tiwọn, kò sí ọmọ tí yóò fọwọ́ kan ẹ̀rọ láì kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́.

Àwọn ẹ̀rọ POS tó ti kú pọ̀ nílùú yìí. Kí Yunifásítì Ìbàdàn àti Pólí Ìbàdàn kó wọn jọ, kí wọ́n tú wọn palẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, kí wọ́n fi ibi tí ìbéèrè ń gbà jáde hàn wọ́n àti ibi tí ìdáhùn ń gbà wọlé, kí wọ́n sì pe àwọn àgbà bíi ti Òkè-Àdó wá sọ tẹnu wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ìlú tó kọ́ Áfíríkà ní kọ̀ǹpútà ní 1963 kò gbọdọ̀ di ìlú tó kàn ń ta ìdáhùn tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́.