Àpótí kékeré tó gbé orúkọ FUTA dójú ọ̀run: Fèrè àti okùn ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ o!

Téèyàn bá rí i lórí tábìlì, á rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìbú rẹ̀, 10 náà ni gíga rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kílò kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, oṣù kẹfà, ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e kúrò ní Florida, l'Ámẹ́ríkà, ó dé ibùdó táwọn èèyàn ń gbé lójú òfurufú. Lọ́jọ́ keje, oṣù keje, wọ́n tú u sílẹ̀ níbẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ayé po. Nigeria EduSat-1 ni wọ́n sọ ọ́, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, ìyẹn FUTA, ló sì gbé orúkọ rẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ló kàn án! Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Japan ni wọ́n jọ jókòó ní Kyushu Institute of Technology ní Japan, tí wọ́n ya àwòrán iṣẹ́, tí wọ́n to wáyà, tí wọ́n sì dán an wò títí tó fi yege. Lọ́dún 2019, àpótí náà já padà sínú afẹ́fẹ́ ayé, ó jóná. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é kò bá a jóná.

Ohun tó ń dun àwọn òbí nìyí. Ọmọ á lo ọdún márùn-ún nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ, á gba máàkì rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n bí rédíò ilé bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ìta ni wọ́n á gbé e lọ. Orí bọ́ọ̀dù ló ti mọ ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án rí.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè wo àrùn yìí sàn, kò sì dìgbà tí wọ́n bá ní rọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí epo rọ̀bì tú sínú òkun Gulf of Mexico lọ́dún 2010, àwọn ará Louisiana so kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú mọ́ bàlúùnù, èyí táwọn ọmọ wa ń pè ní fèrè, wọ́n fi okùn gígùn dì í mú, wọ́n sì ya etíkun tí epo bà jẹ́. Wọ́n to àwọn fọ́tò náà pọ̀, ó di máàpù. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gé ni wọ́n fi dáàbò bo kámẹ́rà!

Tọ́wọ́ bá ti mọ́ ọn, iṣẹ́ mìíràn tún wà. Gíláàsì tín-ín-rín kan wà nínú kámẹ́rà tó ń dènà ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú èèyàn kì í rí. Tí wọ́n bá yọ ọ́, kámẹ́rà á rí i. Ewé tára rẹ̀ le máa ń ta ìmọ́lẹ̀ yìí padà gan-an, èyí tó ń ṣàìsàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo á dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, sátẹ́láìtì Nàìjíríà méjì, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X, gbéra lọ sókè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, àgbàrá òjò ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ó pa èèyàn tó lé ní 100. Sátẹ́láìtì kò lè dá òjò dúró. Ẹni tó máa wo àwòrán, tó máa fẹsẹ̀ rìn dé etí odò, tó máa kígbe pé, "Ilé yìí ti dí ojú omi o!", làdúgbò ń wá. Àwòrán Landsat ti Amẹ́ríkà ti di ọ̀fẹ́ láti 2008. AFRIGIST, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972 lórúkọ RECTAS, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán òfurufú.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, tíṣà kan, fóònù àtijọ́ àti okùn tó lágbára ti tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n jìnnà sí wáyà iná àti pápá ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n má sì fò ó nígbà tí òjò bá ṣú. Kí wọ́n má sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tí wọ́n á máa du ipò ààrẹ, tí wọ́n á rán aṣọ ẹgbẹ́, tí kámẹ́rà kò ní kúrò nínú páálí. Ọmọ ọdún kìíní gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́, ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ di okùn mú. Àtètèbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni àtètèparí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ rárá, kí ló fẹ́ parí?