Kán-ún Kì í Ṣe Oògùn Gbogbo Ara

Lẹ́kùlẹ́jà kan wà ní ọjà Ẹ̀sà-Òkè, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, tí kì í ta kán-ún àgbo láì béèrè ọ̀rọ̀. Bí ewédú lẹ bá fẹ́ fi sè, yóò wọ̀n ọ́n fún yín, ẹ ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dárúkọ àgbo, ìbéèrè dé: "Ta ló fẹ́ mu ún? Ṣé kò lóyún? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ru? Irú ara wo ló ní?" Àwọn oníbàárà mìíràn a máa bínú, wọn a ní owó làwọn mú wá, àwọn kò wá jẹ́jọ́. Ní tèmi, mo ka ìbéèrè ìyá yìí sí ìdajì oògùn tó ń tà.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí mi. Ọdún kejì rèé tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, ó sì dín in kù débi pé ọbẹ̀ ilé wa di ọbẹ̀ àtẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò wálẹ̀. Ìgbà tí mo lo ọjọ́ márùn-ún nílé ni mo rí i pé alaalẹ́ ló ń po kán-ún mọ́ omi gbígbóná mu, nítorí inú tó máa ń wú u lẹ́yìn oúnjẹ.

Mo ní, "Màámi, ṣebí wọ́n ní kí ẹ yé jẹ iyọ̀?"

Ó ní, "Èyí kì í ṣe iyọ̀, ọmọ mi. Ìwọ náà tọ́ ọ wò."

Lóòótọ́, kò dùn bí iyọ̀. Ó korò díẹ̀, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ. Orúkọ tún dá kún ìṣìnà náà: àwọn tó kàwé nínú wa ń pè é ní pọ́táàṣì, bí ẹni pé pọ̀tásíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kán-ún tí àwọn oníṣòwò ń gbé wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti agbègbè Adágún Chad, láti ayé àwọn tó ń fi ẹranko kẹ́rù, sódíọ̀mù ló jọba nínú rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù kán-ún tí kò lábùlà, sódíọ̀mù á tó nǹkan bí 30 gíráàmù; ti iyọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 39. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí sódíọ̀mù tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má pé 2 gíráàmù. Kán-ún ọjà kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀, iyanrìn a máa wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí tó láti fi mọ ohun tó wà nínú ife ìyá mi. Mo kà á fún un. Ó dákẹ́, ó ní òun yóò bi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé ife náà sílẹ̀.

Pé kán-ún ń mú inú fúyẹ́, irọ́ kọ́. Ó ń pa ásíìdì inú, afẹ́fẹ́ a sì bá ẹnu jáde. Àwọn ará Íńdíà, tí ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn ń jẹ́ Ayurveda, ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Kshara ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbà pé agbára mẹ́ta ló ń darí ara: vata, pitta àti kapha. Ẹni tí kapha pọ̀ lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ wúwo, tí oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, ni wọ́n sábà ń fún ní kshara. Ẹni pitta, tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ń ṣọ́ra kí wọ́n tó fún un. Charaka Samhita, ìwé ìṣègùn wọn àtayébáyé, kìlọ̀ pé ohun mẹ́ta wà tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ lò ní àlòjù: irú ata kan tí wọ́n ń pè ní pippali, kshara, àti iyọ̀. Ó ní àlòjù kshara a máa ba ojú, irun àti ọkàn jẹ́. Èmi kò gbà pé ìpín mẹ́ta yẹn ṣàlàyé ara ènìyàn tán, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti to kshara àti iyọ̀ sórí ìlà kan náà.

Ní Nàìjíríà níbí, ìtàn tó ń bà mí lẹ́rù jù wá láti Zaria. Láàrin àwọn Hausa, ìyá ọlọ́mọ tuntun a máa mu kúnú tí wọ́n fi kán-ún sè fún nǹkan bí 40 ọjọ́, a sì máa fi omi gbígbóná gan-an wẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀ ìyá tí ọkàn wọn kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́ lẹ́yìn ìbímọ, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí mímí nira fún wọn. Kán-ún wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé wọn kò gbà pé òun ló fa gbogbo rẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n aboyún, ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ kò ní ohun tí wọ́n ń wá nínú ife kán-ún.

Ti ìdáná rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjábẹ̀ tó dára yóò ja ewédú kúnná láìsí kán-ún. Ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú a tètè rọ̀, èyí tí a fi kán-ún sè sì ń pàdánù fítámì B1 rẹ̀. Ní ti inú wíwú, atalẹ̀ nínú omi gbígbóná ni ìyá mi ń mu báyìí. Ó ń ráhùn pé kò tètè ṣiṣẹ́ bíi ti kán-ún, òótọ́ ló sì sọ.