Bí Ilẹ̀ Bá Mì, Ṣé Ilé Wa Yóò Dúró?

Bí ènìyàn bá dárúkọ ìsẹ̀lẹ̀, èyíinì ni ilẹ̀ mímì, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, èsì tí yóò gbọ́ ni pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyẹn kò kan tiwa, orí àpáta ni a wà." Àdúrà náà dára, àmín ni a ó ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé àdúrà náà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ilẹ̀ ti mì ní ìtòsí wa rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Accra, olú ìlú ilẹ̀ Gánà, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ìwọ̀n rẹ̀ tó 6.5. Ó kéré tán, ènìyàn 17 ni ó kú, ilé tí ó bàjẹ́ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kọ́ àdúgbò tuntun ní Kaneshie àti Korle Gonno fún àwọn tí kò ní ibùgbé mọ́. Èkó jìnnà sí Accra ní nǹkan bí 400 kìlómítà, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn ní ọdún 1984. Ó tún mì ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 2000. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Abẹ́òkúta àti ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó mì ní Mpape ní Àbújá fún ọjọ́ mélòó kan. A dúpẹ́ pé kò sí èyí tí ó wó ìlú nínú àwọn ti ilẹ̀ wa yìí.

Ní ti àpáta tí a fi ń yangàn, òtítọ́ ni pé ilẹ̀ líle dára ju ilẹ̀ rírọ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ àbàtà ni ó máa ń gbọ̀n jù bí ilẹ̀ bá mì. Ṣùgbọ́n àpáta wa ti dàgbà púpọ̀, àpáta àgbà kì í sì í ṣe aláìní ojú ìsán. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ mọ ojú ìsán ńlá kan tí ó ti agbègbè Ifẹ̀wàrà, nítòsí Iléṣà, lọ sí ìhà Zungeru ní ìpínlẹ̀ Niger. Ẹni tí ó bá mú àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó sì fi rúlà fa ìlà láti Ifẹ̀wàrà dé Zungeru, yóò rí i pé ìtòsí Òmù-Àrán ni ìlà náà gbà kọjá. Ojú ìsán kì í rìn ní ọ̀nà tààrà bí ìlà rúlà, n kò sì sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí a lè jáwọ́ nínú wíwí pé kò kàn wá.

Ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa mọ̀ ni pé ilẹ̀ tí ó mì kì í sábà pa ènìyàn fúnra rẹ̀. Ilé tí ó wó ni ó ń pa ènìyàn. Ẹ wo ọdún 2010. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní, ilẹ̀ mì ní Haiti, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 7.0. Àwọn tí ó kú lé ní 100,000. Oṣù méjì kò tí ì pé lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, tí ilẹ̀ fi mì ní Chile. Ti Chile jẹ́ 8.8, agbára rẹ̀ sì fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ju ti Haiti lọ. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 500. Lóòótọ́, ìtòsí olú ìlú Haiti gan-an ni tiwọn ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni ó fa púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà. Ó ti pẹ́ tí Chile ti ní òfin lórí bí a ṣe ń kọ́ ilé tí yóò gba mímì, wọ́n sì ń tẹ̀lé e. Ní Haiti, dẹ́kì tí ó wúwo ni wọ́n gbé ka orí òpó tín-ín-rín àti búlọ́ọ̀kù tí kò lágbára.

Kí ni ó ń mú ilé wó? Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ti dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù rí mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bá ṣàdédé gbéra, ẹsẹ̀ yín yóò bá a lọ, ara yín lókè yóò sì fẹ́ dúró sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé. Ilẹ̀ fa ìpìlẹ̀ lọ sí ọ̀tún, orí ilé kò tí ì mọ̀, ilẹ̀ tún ti fà á padà sí òsì. Bí orí ilé bá ṣe wúwo tó ni ìyà ògiri yóò ṣe pọ̀ tó. Ògiri wa sì mọ ẹrù rù, kò mọ ìtì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ to agolo mílíìkì lélẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gbé ẹrù lé e, yóò gbà á. Ẹ fi ìka tì í láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò dà wó.

Òkúta kì í tẹ̀, ńṣe ni ó máa ń kán. Ẹ ti rí àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1945. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti kán ní ọrùn, nítorí ibi tí òkúta bá ti tín-ín-rín ni agbára rẹ̀ ti ń tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹkéré àti búlọ́ọ̀kù rí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń ki irin bọ inú kọ̀ǹkéré, kí irin lè jẹ́ iṣan fún un.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ṣé kí n wá torí ohun tí ó lè má ṣẹlẹ̀ láéláé ná owó sí i?" Èsì mi ni pé ilé tí kò lè gba mímì kì í dúró de mímì kí ó tó wó. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí ní Èkó wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ilẹ̀ kò mì lọ́jọ́ náà. Àti pé ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tí ń ṣí páànù kúrò lórí ilé wa, ìtì láti ẹ̀gbẹ́ ni òun náà. Ohun tí ẹ bá ṣe nítorí ilẹ̀ mímì yóò gbà yín lọ́wọ́ ìjì lọ́dọọdún.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ́lé, kí ó bi bíríkìlà rẹ̀ ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Èkínní, kí ni ó wà nínú búlọ́ọ̀kù? Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́fà ni ó dára, kí ó má sì ju mẹ́jọ lọ. Kí a máa bu omi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó lò ó. Búlọ́ọ̀kù tí èékánná bá lè họ, kí ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Èkejì, ṣé líńtẹ́ẹ̀lì yóò yí gbogbo ilé po? Ọ̀pọ̀ ń dà á sí orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé nìkan. Ṣùgbọ́n líńtẹ́ẹ̀lì onírin tí ó yí ilé ká láìjá ni ó dà bí okùn tí a fi di ìdì igi. Bí okùn bá wà, a lè ti ìdì igi kí ó má tú. Orí rẹ̀ náà ni kí a so igi òrùlé mọ́.

Ẹ̀kẹta, ṣé àwọn òrùka irin inú òpó súnmọ́ ara wọn, pàápàá ní orí òpó àti ní ìdí rẹ̀? Ibẹ̀ ni òpó ti ń kán. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn kan ti máa ń dín irin kù.

Ẹ̀kẹrin, báwo ni ìsàlẹ̀ ṣe rí? Èyí kan àwọn oníṣòwò gan-an. A fẹ́ràn láti fi ìsàlẹ̀ ilé ṣe ṣọ́ọ̀bù, kí iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí a sì kó yàrá olódi púpọ̀ lé e lórí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ dà bí ènìyàn tí ó gbé ẹrù wúwo lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín. Kí òpó ìsàlẹ̀ lágbára, kí ògiri tí kò lójú sì wà láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù náà.

Ní ti ilé amọ̀ àtijọ́, ẹ má gbé dẹ́kì lé e. Sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ara rẹ̀ ń bo ojú ìsán ni, kò fi agbára kún un. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí ó bá ti lanu, kí a pe ẹni tí ó mọṣẹ́ wò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ilé ẹ̀kọ́ wa ni ó ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ni bàbá wa fi owó ẹgbẹ́ àti agbára ara wọn kọ́, ó sì ti gbó. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ yí i ká lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n wo igun ògiri àti ògiri onígun mẹ́ta tí ó gbé òrùlé, nítorí òun ni ó máa ń kọ́kọ́ já lulẹ̀. Kí a sì kọ́ àwọn ọmọ pé bí ilẹ̀ bá mì, ẹni tí ó wà níta kí ó dúró níta, kí ó jìnnà sí ògiri àti òpó iná; ẹni tí ó wà nínú ilé kí ó wọ abẹ́ tábìlì tí ó le, kí ó fi ọwọ́ bo orí. Ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹrù wúwo wà nísàlẹ̀, kí a sì kan pákó ìpàtẹ mọ́ ògiri.

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Líńtẹ́ẹ̀lì tí ó yí ilé ká yóò fi owó kún owó ilé, ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé bá ń lọ lókè ni ó rọrùn láti ṣe. Ẹni tí ó bá ti kan páànù tán kò tún lè dà á mọ́ láìṣí òrùlé. Ẹ bi bíríkìlà yín kí ó tó dé ibẹ̀.